Lord Carrington: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Lọ́ọ̀dù Tí Aráàlú Kò Dìbò Yàn Rí

Bí àríyànjiyàn bá bẹ́ sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ní Zimbabwe, tàbí lórí ogun Falklands láàárín Ìlú Ọba àti Ajẹntínà, orúkọ Lord Carrington kì í pẹ́ jáde. Àwọn kan gbà pé òun ló tú ìdè Rhodesia, orúkọ tí Zimbabwe ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, àwọn kan ní òun ló ta ilẹ̀ ibẹ̀. Ìbéèrè tí àwọn èèyàn sábà máa ń béèrè nípa rẹ̀ nìyí, pẹ̀lú ohun tí mo lè fi dá wọn lóhùn.

Ta ni Lord Carrington gan-an?

Peter Alexander Rupert Carington ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ọdún 1919, ó sì kú ní ọjọ́ 9 oṣù keje ọdún 2018, nígbà tó ku nǹkan bí oṣù mọ́kànlá kó pé ẹni ọgọ́rùn-ún ọdún. Òun ni Baron Carrington kẹfà. Ó sìn lábẹ́ olóòtú ìjọba mẹ́fà ní Ìlú Ọba: Churchill, Eden, Macmillan, Douglas-Home, Heath àti Thatcher. Ó ṣe mínísítà ètò ààbò, ó ṣe mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, ó sì ṣe akọ̀wé àgbà NATO, àjọ ààbò tí Amẹ́ríkà àti àwọn ilẹ̀ Yúróòpù jọ dá sílẹ̀. Nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, kò sí ọjọ́ kan tí aráàlú dìbò yàn án sí ilé aṣòfin.

Bí ẹ bá rí orúkọ náà pẹ̀lú "r" kan ṣoṣo, ẹni tó kọ ọ́ kò ṣì í kọ. Carington ni ìdílé wọn ń jẹ́, Carrington ni oyè.

Báwo lèèyàn ṣe ń di lọ́ọ̀dù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yàn án?

Ìbí ni. Irú oyè bẹ́ẹ̀ máa ń ti ọwọ́ bàbá bọ́ sọ́wọ́ ọmọkùnrin rẹ̀ tó dàgbà jù. Lọ́dọ̀ tiwa, oyè ọba náà jẹ́ ti ìdílé, àmọ́ ìdílé tó ń jọba lè tó mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ọmọ oyè á pọ̀, àwọn afọbajẹ á jókòó, wọ́n á bi Ifá léèrè. Ti àwọn lọ́ọ̀dù kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí afọbajẹ, kò sí ìdíje, kò sẹ́ni tó ń béèrè pé ta ló yẹ. Bàbá kú lónìí, ọmọ di lọ́ọ̀dù lónìí, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Ohun tó sì mú kó kọjá oyè lásán ni pé nígbà náà, oyè yìí fúnra rẹ̀ ló ń fún ọmọ náà ní àga ní House of Lords, ilé aṣòfin àgbà wọn, tó bá ti pé ọmọ ọdún 21. Yóò máa dá sí òfin tó de gbogbo ìlú títí tí yóò fi kú.

Oyè Carrington kì í ṣe ti ayé ijọ́hun. Robert Smith, ọmọ ìdílé tó ni báńkì ní ìlú Nottingham, tó sì jẹ́ ọ̀rẹ́ William Pitt tó wà lórí àlééfà nígbà náà, ni wọ́n kọ́kọ́ fi jẹ ẹ́ ní 1796. Owó àti òṣèlú ló bí i. Nígbà tí bàbá Peter kú ní oṣù kọkànlá ọdún 1938, ọmọ ọdún 19 ni Peter, ó ṣì ń kọ́ iṣẹ́ ológun ní Sandhurst. Ogun Àgbáyé Kejì ló sì dá a dúró tó fi jẹ́ pé oṣù kẹwàá ọdún 1945 ló tó lọ jókòó sí àyè rẹ̀ ní ilé ìgbìmọ̀ náà.

Ṣé òótọ́ ni pé ó jagun?

Òótọ́ ni, ọ̀gágun kékeré sì ni lójú ogun fúnra rẹ̀, nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Grenadier Guards. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1944, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà fẹ́ gba afárá bíi mélòó kan lọ́wọ́ àwọn ará Jámánì ní ilẹ̀ Netherlands, kí wọ́n lè kọjá wọ Jámánì. Ní ìlú Nijmegen, àwọn ọmọ Amẹ́ríkà wọ ọkọ̀ ojú omi oníkáńfáàsì, wọ́n fi sọdá odò Waal ní ọ̀sán gangan lábẹ́ ìbọn. Ọ̀pọ̀ wọn ló bá a lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 20, tánkì mélòó kan ti Grenadier Guards sáré gorí afárá náà kí àwọn ará Jámánì tó fọ́ ọ. Carrington wà lára àwọn tó sọdá, wọ́n sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ Military Cross ní 1945.

Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀. Ìlú Arnhem kò jìnnà síbẹ̀, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó fi páráṣúùtì balẹ̀ síbẹ̀ sì ti há sáàárín ọ̀tá. Tánkì Carrington kò lọ bá wọn lálẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù ẹgbẹ́ wọn nínú odò bínú gidigidi, ọ̀rọ̀ náà kò sì tán lọ́kàn àwọn kan nínú wọn títí wọ́n fi darúgbó. Lójú tèmi, wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú, àmọ́ ẹni tí wọ́n bínú sí kọ́ ló ni ọ̀rọ̀. Tánkì tó sọdá kò pọ̀, ilẹ̀ ti ṣú, ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà, kò sì sí àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ tí yóò tẹ̀lé wọn. Káputéènì kọ́ ló ń pinnu irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Kí ló dé tí kò fi di olóòtú ìjọba?

Oyè rẹ̀ ni kò jẹ́. Láti ìgbà tí Lord Salisbury ti kúrò lórí àlééfà ní 1902, kò sí lọ́ọ̀dù kan tó ti ilé àwọn lọ́ọ̀dù ṣe olóòtú ìjọba ju ọjọ́ mélòó kan lọ mọ́. House of Commons, níbi tí àwọn tí aráàlú dìbò yàn ń jókòó sí, ni olóòtú ìjọba gbọ́dọ̀ ti wá.

Ní 1963, òfin tuntun jáde, èyí tí Tony Benn, olóṣèlú ẹgbẹ́ Labour, jà fún kíkankíkan, tó fún lọ́ọ̀dù láyè láti bọ́ oyè sílẹ̀. Àwọn tó ti wà lórí oyè tẹ́lẹ̀ ní ọdún kan péré láti pinnu. Lord Home di olóòtú ìjọba lọ́dún náà, ó bọ́ tirẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ó sì lọ du àga ní Commons. Carrington kò bọ́ tirẹ̀. Ọdún náà kọjá, ilẹ̀kùn sì tì.

Ibi tí ìtàn ọkùnrin yìí ti dùn mọ́ mi jù nìyí. Oyè tó fún un ní àga lọ́fẹ̀ẹ́ náà ló dí ọ̀nà ipò tó ga jù mọ́ ọn. Ó tún jẹ́ kí àwọn olóòtú ìjọba fọkàn tán an, nítorí wọ́n mọ̀ pé kò lè gba ipò mọ́ wọn lọ́wọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 1982, oyè kan náà ló dá a lẹ́kun níbi tó ti yẹ kó gbèjà ara rẹ̀. A ó dé ibẹ̀.

Iṣẹ́ wo ló ṣe kó tó di gbajúmọ̀?

Ó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí igbákejì mínísítà fún ètò ọ̀gbìn ní 1951. Ọ̀rọ̀ Crichel Down ló kọ́kọ́ kàn án níbẹ̀. Ilẹ̀ oko kan ni ní Dorset, tó tó 725 éékà, tí ìjọba gbà kí ogun tó dé láti fi kọ́ àwọn awakọ̀ òfurufú bí wọ́n ṣe ń ju bọ́ǹbù. Ìlérí wà pé wọn yóò dá a padà fún àwọn tó ni ín. Ogun parí, ilé iṣẹ́ ètò ọ̀gbìn di ilẹ̀ náà mú. Nígbà tí ìwádìí tú àṣírí ìwà àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní 1954, mínísítà Thomas Dugdale kọ̀wé fipò sílẹ̀. Carrington náà kọ tirẹ̀, Churchill ní òun kò gbà á. Ẹ rántí èyí, torí kì í ṣe ọdún 1982 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ bí èèyàn ṣe ń fipò sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ó ṣojú Ìlú Ọba ní Ọsirélíà láti 1956 sí 1959, ó ṣe olórí ilé iṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi títí di 1963, ó sì darí àwọn lọ́ọ̀dù ẹgbẹ́ Conservative.

Kí ló ṣẹlẹ̀ ní Northern Ireland lábẹ́ rẹ̀?

Àwọn tó ń yìn ín sábà máa ń fo ibí yìí. Òun ni mínísítà ètò ààbò láti 1970 sí 1974, ìgbà tí rògbòdìyàn Northern Ireland gbóná jù. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1971, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn èèyàn sátìmọ́lé láìgbé wọn dé ilé ẹjọ́. Wọ́n ṣa àwọn ọkùnrin 14 lọ́tọ̀, wọ́n fi àpò bò wọ́n lórí, wọ́n mú wọn dúró ti ògiri fún wákàtí rẹpẹtẹ, wọ́n fi ariwo dí wọn létí, wọn kò jẹ́ kí wọ́n sùn, wọ́n sì fi oúnjẹ àti omi dù wọ́n. Ní oṣù kìíní ọdún 1972, àwọn sójà yìnbọn pa èèyàn 13 níbi ìwọ́de ní ìlú Derry, ẹnì kẹrìnlá kú lẹ́yìn náà.

Ní 1978, Ilé Ẹjọ́ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Yúróòpù sọ pé ìwà àìmọ̀wàáhù àti ìtẹ́nilógo ni wọ́n hù sí àwọn ọkùnrin 14 náà, ṣùgbọ́n kò pè é ní ìdánilóró. Ní 2014 ni ìwé kan wá jáde sí gbangba, èyí tí mínísítà Merlyn Rees kọ sí olóòtú ìjọba ní 1977. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn mínísítà ló fọwọ́ sí ìdánilóró náà, pàápàá Lord Carrington. Wọn kò gbé Carrington lọ sílé ẹjọ́ rí lórí rẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó bá ń ka ìtàn Carrington tí kò bá rí àwọn ọkùnrin wọ̀nyí níbẹ̀, ìdajì ìtàn ló kà.

Báwo ló ṣe wọ ọ̀rọ̀ Rhodesia, kí sì ni Nàìjíríà bá a dé ibẹ̀?

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1965, Ian Smith àti àwọn òyìnbó díẹ̀ tó ń ṣàkóso Rhodesia kéde òmìnira fúnra wọn kí àwọn aláwọ̀ dúdú má bàa ní àṣẹ. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní kí ẹnikẹ́ni má bá wọn ṣòwò. Ní oṣù kẹfà ọdún 1968, àwọn lọ́ọ̀dù ẹgbẹ́ Conservative, tí Carrington jẹ́ aṣíwájú wọn, dìbò ta ko àṣẹ tó fẹ́ mú òfin yẹn le sí i: 193 sí 184. Ìjọba tún gbé àṣẹ náà wá, ó sì kọjá, àmọ́ ojú tí Áfíríkà fi wò ó kò lè mọ́.

Nígbà tí Thatcher fi í ṣe mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ní oṣù karùn-ún ọdún 1979, Bíṣọ́ọ̀bù Abel Muzorewa ti wọlé ìdìbò kan ní Rhodesia, èyí tí àwọn tó ń jagun nínú igbó kò sí nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ẹgbẹ́ Conservative fẹ́ kí Ìlú Ọba gbà pé ó ti tán, kí wọ́n dá Muzorewa mọ̀. Carrington sọ fún Thatcher pé kò lè dúró: kò sí orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan tí yóò gbà á, ogun yóò sì máa lọ.

Nàìjíríà kò jókòó wò wọ́n. Ní ọjọ́ 31 oṣù keje ọdún náà, nígbà tí ìpàdé àwọn olórí àjọ Commonwealth fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Lusaka, ìjọba ológun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gba gbogbo ohun tí ilé iṣẹ́ epo BP ní ní Nàìjíríà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí tí wọ́n sọ ni ọ̀rọ̀ epo tó ń lọ sí Gúúsù Áfíríkà, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó wà ní Lusaka mọ ibi tí pàṣán náà bà. Ilé epo BP di African Petroleum, ìyẹn AP. Mi ò ní sọ pé Nàìjíríà nìkan ló yí Thatcher lọ́kàn padà, torí Carrington ti ń bá a sọ ọ́ ṣáájú. Àmọ́ ẹni tó bá sọ pé Lọ́ńdọ̀nù ló dá fúnra rẹ̀ ronú pìwà dà kò sọ òtítọ́.

Kí ló ṣẹlẹ̀ ní Lancaster House?

Ìpàdé náà bẹ̀rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án ọdún 1979, wọ́n sì tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ìkẹyìn ní ọjọ́ 21 oṣù kejìlá. Muzorewa wá, Ian Smith wà lára àwọn tó kó dání. Robert Mugabe àti Joshua Nkomo, aṣíwájú àwọn tó ń jagun nínú igbó, wá ní apá kejì. Carrington fúnra rẹ̀ ló jókòó sórí àga alága.

Ọgbọ́n tó lò ni pé kò jẹ́ kí wọ́n da ọ̀rọ̀ pọ̀. Ìwé òfin tuntun ni wọn yóò kọ́kọ́ fẹnu kò lé lórí. Bí ìyẹn kò bá tíì parí, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ nípa ta ni yóò ṣàkóso títí ìdìbò yóò fi dé. Ìdáwọ́ ogun dúró ló gbẹ̀yìn. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ó jẹ́ kí àwọn Mugabe mọ̀ pé bí wọ́n bá dìde kúrò nídìí tábìlì, òun yóò bá Muzorewa nìkan tọwọ́ bọ̀wé. Ohun mìíràn tó mú wọn gbà wá láti Áfíríkà: Nyerere ti Tanzania, Kaunda ti Zambia àti Samora Machel ti Mozambique, tí àwọn ajàjàgbara ń gbé lórí ilẹ̀ wọn. Ogun ti sú wọn, bọ́ǹbù Rhodesia sì ń bọ́ sí Zambia àti Mozambique. Machel ló jẹ́ kó yé Mugabe pé kò gbọ́dọ̀ padà wálé láìtọwọ́ bọ̀wé.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé Carrington rán Lord Soames lọ ṣe gómìnà ní Salisbury, tó ń jẹ́ Harare lónìí, ní ọjọ́ 12 oṣù kejìlá, kí ẹnikẹ́ni tó tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ìkẹyìn. Bí ìpàdé bá túká lọ́sẹ̀ náà, inú iná ló rán an lọ. Kò túká. Ìdìbò wáyé ní oṣù kejì ọdún 1980, ẹgbẹ́ Mugabe mú àga 57 nínú 80 tó wà fún àwọn aláwọ̀ dúdú, Nkomo mú 20, Muzorewa mú 3. Zimbabwe gba òmìnira ní ọjọ́ 18 oṣù kẹrin.

Ṣé Carrington ló fa wàhálà ilẹ̀ tó wá bẹ́ sílẹ̀ ní Zimbabwe?

Ó pín nínú rẹ̀. Àdéhùn náà sọ pé fún ọdún mẹ́wàá, ìjọba tuntun kò gbọ́dọ̀ gba ilẹ̀ oko lọ́wọ́ àwọn òyìnbó ní tipátipá. Ẹni tó bá fẹ́ tà ni wọn yóò rà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n tún ya àga 20 sọ́tọ̀ fún àwọn òyìnbó ní ilé aṣòfin. Lórí ilẹ̀ yìí ni ìpàdé ti fẹ́ẹ́ fọ́ ní oṣù kẹwàá. Shridath Ramphal, akọ̀wé àgbà àjọ Commonwealth, ló sáré lọ bá Amẹ́ríkà tí wọ́n fi ṣèlérí pé àwọn yóò fowó ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ìbínú Mugabe àti Nkomo lórí èyí kò ṣòro láti lóye. Ilẹ̀ ni wọ́n torí rẹ̀ jagun. Carrington ra àlàáfíà, ó sì fi apá kan owó rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí a kò tíì bí láti san. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́wàá náà pé ní 1990, ọdún 2000 sì ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn oko náà ní rẹpẹtẹ pẹ̀lú ipá. Ohun tó wà láàárín ọdún méjèèjì yẹn wà lọ́rùn àwọn mìíràn, ní Harare àti ní Lọ́ńdọ̀nù.

Kí ló dé tó fi kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní 1982?

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 2 oṣù kẹrin, àwọn ọmọ ogun Ajẹntínà gba erékùṣù Falklands. Lọ́jọ́ kejì, ilé aṣòfin jókòó ní ọjọ́ Sátidé, ohun tí wọn kò ṣe láti ìgbà wàhálà Suez ní 1956. Inú ń bí gbogbo ilé. Ilé iṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ń dá lẹ́bi, mínísítà rẹ̀ kò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti wọ Commons kó fèsì, nítorí pé lọ́ọ̀dù ni. Ilé kejì ló ti ń sọ̀rọ̀, níbi tí kò sí ariwo. John Nott, mínísítà ètò ààbò, ló dúró gba gbogbo èébú. Nígbà tí Carrington bá Nott lọ pàdé àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ wọn lẹ́yìn náà, ojú tí wọ́n fi gbà á kò dára.

Thatcher bẹ̀ ẹ́ kó má lọ. Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 5, ó lọ. Humphrey Atkins àti Richard Luce, àwọn mínísítà tó wà lábẹ́ rẹ̀, bá a lọ. Lọ́jọ́ náà gan-an ni àwọn ọkọ̀ ogun ojú omi gbéra ní Portsmouth. Nott náà fẹ́ fipò sílẹ̀, Thatcher kò gbà fún un.

Ṣé ẹ̀bi rẹ̀ ni lóòótọ́?

Ìgbìmọ̀ Lord Franks tó ṣèwádìí gbé àbájáde jáde ní oṣù kìíní ọdún 1983, wọ́n ní kò sí ìdí láti dá ìjọba lẹ́bi fún ìkọlù tí Ajẹntínà ṣe. Nínú àkọsílẹ̀, Carrington wà lára àwọn tó bẹ Nott pé kó má yọ ọkọ̀ ojú omi ọmọ ogun tó ń jẹ́ HMS Endurance kúrò lágbègbè náà, torí pé Ajẹntínà yóò rò pé Ìlú Ọba kò fẹ́ erékùṣù yẹn mọ́. Nott kò gbọ́.

Ẹni tó kìlọ̀ ló lọ, ẹni tí kò gbọ́ ló dúró. Àwọn kan rí i bí ìrẹ́jẹ, mo sì mọ ohun tí wọ́n rí. Àmọ́ ohun tí Carrington dì mú ni pé ilé iṣẹ́ òun ló yẹ kó mọ ohun tí Ajẹntínà ń gbèrò, kò sì mọ̀ ọ́n lásìkò. Ìjọba tó ń lọ sójú ogun kò gbọ́dọ̀ máa bá ara rẹ̀ jà nílé. Mo bọ̀wọ̀ fún ìyẹn, ju fún gbogbo oyè tó jẹ lọ. Ó rọrùn láti lọ nígbà tí ìwádìí bá ti dá èèyàn lẹ́bi. Òun kò dúró de ìwádìí.

Kí ló ṣe lẹ́yìn náà?

Ó ṣe akọ̀wé àgbà NATO láti 1984 sí 1988. Ó ṣe alága Christie's, ilé títa ọjà ní gbàǹjo. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1991, àjọ ilẹ̀ Yúróòpù ní kó wá parí ìjà Yugoslavia. Ó kìlọ̀ pé bí wọ́n bá yára dá Croatia àti Slovenia, tó ń ya kúrò lára Yugoslavia, mọ̀ gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè kí àdéhùn tó délẹ̀ fún gbogbo agbègbè náà, Bosnia yóò gbiná. Jámánì kò gbà, àwọn yòókù tẹ̀lé e ní oṣù kìíní ọdún 1992. Ní oṣù kẹrin, ogun ti dé Bosnia. Ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ.

Báwo ló ṣe wà ní House of Lords lẹ́yìn tí wọ́n lé àwọn lọ́ọ̀dù àjogúnbá ní 1999?

Òfin ọdún náà yọ èyí tó ju 600 nínú wọn kúrò, ó fi 92 sílẹ̀. Carrington, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ti darí ilé náà rí, gba oyè mìíràn tí ikú rẹ̀ yóò fòpin sí, Baron Carington ti Upton. Nítorí náà, ó lo oyè tó jogún àti oyè tí wọ́n fún òun fúnra rẹ̀, ó sì wà ní ilé náà títí tó fi kú.

Ta ló wà lórí oyè náà báyìí?

Ìyàwó rẹ̀, Iona, tó fẹ́ ní 1942, kú ní 2009. Wọ́n bí ọmọ mẹ́ta: obìnrin méjì, lẹ́yìn náà ọkùnrin kan. Rupert, ọkùnrin tó jẹ́ àbíkẹ́yìn, ni Baron Carrington keje. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin kò sí nínú ìṣírò, torí òfin oyè náà kò mọ obìnrin. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2018, àwọn lọ́ọ̀dù yan Rupert sí ọ̀kan nínú àwọn àga 92 náà, nígbà tí Ọba Charles sì gorí ìtẹ́ ní ọdún 2022, ó di Lord Great Chamberlain, ọ̀kan lára àwọn ìjòyè tó ń dúró ti ọba níbi ìṣíde ilé aṣòfin.